Gẹ̀gẹ̀ Tí Ojú Rí àti Àrùn Tí Ó Fara Pamọ́ Sí Ọrùn

Ọ̀rọ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi ń pe wíwú tí ó máa ń yọ sí iwájú ọrùn ènìyàn ni gẹ̀gẹ̀. Onígẹ̀gẹ̀ ni ẹni tí ó ní in. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wọ inú òwe: Onígẹ̀gẹ̀ ìṣáájú ni ó ba ti ẹ̀yìn jẹ́. Ẹni tí ìwà rẹ̀ mú kí ayé máa fi ojú burúkú wo àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni a ń fi òwe yìí bá wí. Bí ẹ bá yẹ òwe náà wò dáadáa, ẹ ó rí i pé ohun tí ojú ayé ń rí lára onígẹ̀gẹ̀ ni ó jẹ ẹ́ lógún. Kò béèrè ohun tí ó ṣe ọrùn náà tí ó fi wú. Òwe kò jẹ̀bi, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ni a pa á fún. Ṣùgbọ́n bí òwe ti wò ó náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń wò ó títí di òní. Bí ọrùn bá wú, a ó ní gẹ̀gẹ̀ ni. Bí ọrùn kò bá wú, a ó ní kò sí ohun tí ó ṣe ọrùn. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìdajì tí ó kù ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá jù lọ àwọn obìnrin, ti ń jìyà láìmọ ohun tí ń ṣe wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi èdè bẹ̀rẹ̀, nítorí èdè ni iṣẹ́ mi. Alápatà àti ọdẹ kò jẹ́ kí Yorùbá ṣe aláìní orúkọ fún ohun tí ó wà nínú ẹran. A ní ẹ̀dọ̀, a ní ẹ̀dọ̀fóró, a ní òrónro, a ní kíndìnrín. Ní ti ọrùn pàápàá, a ní gògóńgò, a sì ní ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ẹran kékeré kan wà tí ó rọ̀ mọ́ ọ̀nà èémí nísàlẹ̀ gògóńgò, tí ó ní apá méjì bí ìyẹ́ labalábá, tí kì í sábà wúwo ju 25 gíráàmù lọ lára àgbàlagbà. N kò tíì gbọ́ orúkọ kan fún un lẹ́nu àgbà kankan. Àwọn dókítà ń pè é ní táírọ́ìdì, èyí náà ni n ó sì máa pè é. Orúkọ àrùn ni a ní, a kò ní orúkọ ẹ̀yà ara tí àrùn náà ń bá jà. Nítorí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ̀yà ara náà bá ń ṣe ségesège láìwú síta, èdè kò ràn wá lọ́wọ́ mọ́. Àárẹ̀ ni a ó pe èyí, àyà jíjá ni a ó pe tọ̀hún, ìrẹ̀wẹ̀sì ni a ó pe òmíràn, kò sì ní wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn lè jẹ́.

Iṣẹ́ táírọ́ìdì ni pé ó ń fa áyódíìnì inú oúnjẹ wa láti inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fi ṣe họ́mọ̀nù méjì tí wọ́n ń pè ní T4 àti T3. Iye áyódíìnì tí ó wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn ni nọ́ńbà náà ń sọ. Àwọn họ́mọ̀nù yìí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn yí ara ká, wọ́n sì ń sọ fún ọkàn, ìfun, awọ ara, ọpọlọ àti iṣan bí ó ti yẹ kí iṣẹ́ yá tó. Bí iná ìdáná ni ẹ ṣe lè rò ó: bí iná bá kéré, ọbẹ̀ kò ní jinná, bí ó bá pọ̀ jù, ọbẹ̀ a jóná. Ẹ̀yà ara kékeré mìíràn wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí ó jẹ́ ọ̀gá fún táírọ́ìdì. Họ́mọ̀nù tí ọ̀gá yìí fi ń pàṣẹ ni TSH. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni a ó fi lóye ìwé àyẹ̀wò níwájú: bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́, ohùn ọ̀gá a máa ròkè, bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ọ̀gá a dákẹ́.

Bí họ́mọ̀nù bá dín kù nínú ara, gbogbo nǹkan a fà sẹ́yìn. Àárẹ̀ tí oorun kò lè lé lọ a mú ènìyàn. A máa sanra láìjẹ́ pé ó ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ a sì máa wú. Òtútù a máa mú un nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ jókòó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara. Ìgbẹ́ a máa nira fún un láti yà, awọ ara a gbẹ, irun a máa já, ohùn a ha, ìgbàgbé a pọ̀. Nǹkan oṣù obìnrin lè máa ya ju bí ó ti yẹ lọ, oyún sì lè ṣòro fún un láti ní tàbí kí ó máa bàjẹ́. Lójú ará ilé, ọ̀lẹ ni, tàbí kí wọ́n ní ọjọ́ ogbó ti dé.

Bí họ́mọ̀nù bá sì pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ a yí padà. Ẹni náà a máa jẹun bí ẹni tí ó ń gbààwẹ̀ bọ̀, ara rẹ̀ a sì máa gbẹ. Ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkìkì nígbà tí ó jókòó jẹ́jẹ́, òógùn a máa bò ó, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, inú a máa tètè bí i, oorun a jìnnà sí i, a sì máa lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ léraléra. Lára àwọn kan, ẹyinjú a yọ síta bí ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Irú èyí ni Robert Graves, dókítà ará ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1835, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àrùn náà títí di òní.

Olùkọ́ obìnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, n kò ní dárúkọ rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀. Láàárín ọdún kan, ó gbẹ bí igi, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tí ó ń jẹ tó ti ènìyàn méjì. Ṣọ́ọ̀kì kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ìkọ̀wé rẹ̀ lójú pátákó, tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ bí a ti ń kọ̀wé, wá di játijàti. Ẹyinjú rẹ̀ yọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àrùn éèdì ni. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní ojú tí ó yọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojú lásán, ojú àjẹ́ ni. Ọdún méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi mú un kiri ilé àdúrà àti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn, wọ́n sì ta ilẹ̀ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un láti fi san owó ohun tí wọ́n ń béèrè. Dókítà ọ̀dọ́ kan ni ó ní kí ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó gbé bébà pẹlẹbẹ kan lé àwọn ìka rẹ̀, bébà náà sì ń gbọ̀n bí ewé inú afẹ́fẹ́. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ọrùn obìnrin yìí kò wú dé ibi tí ojú lè rí i, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi dárúkọ gẹ̀gẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ojú rẹ̀ kò padà tán pátápátá sí bí ó ti wà, ilẹ̀ tí wọ́n tà náà kò sì padà.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn tí ó ń gbé e kiri rò pé àṣà ni àwọn ń tẹ̀lé, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí àṣà gan-an. Nínú àṣà Yorùbá, a kì í rúbọ kí a tó dífá. Àyẹ̀wò ni ó ń ṣáájú. Babaláwo tí ó bá ní kí a mú ewúrẹ́ wá kí ó tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, àwọn àgbà mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tí èdè wa yàn fún ohun tí wọ́n ń ṣe nínú lábọ̀ nígbà tí ìṣègùn òyìnbó dé: àyẹ̀wò kan náà ni. N kò rò pé èèṣì ni. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ohun kan náà ni a ń wá níbi méjèèjì, èyíinì ni pé kí a mọ ohun tí ó wà nídìí ọ̀ràn kí a tó fọwọ́ kan án. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ra àgbo gẹ̀gẹ̀ lọ́jà, tàbí tí ó ń gbé oògùn tí dókítà kọ fún aládùúgbò rẹ̀ mì, láìṣe àyẹ̀wò, kò tẹ̀lé òyìnbó, kò sì tẹ̀lé baba rẹ̀.

Àyẹ̀wò náà kò le. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọn yóò fà láti apá. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò ni TSH, ìwọ̀n rẹ̀ lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le sì sábà wà láàárín 0.4 àti 4.0, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yàtọ̀ díẹ̀ láti lábọ̀ kan sí òmíràn, tí ti aboyún sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Bí TSH bá ròkè tí T4 sì lọ sílẹ̀, ọ̀gá ń pariwo, òṣìṣẹ́ kò dáhùn: táírọ́ìdì kò ṣiṣẹ́ tó. Bí TSH bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, tí T4 tàbí T3 sì pọ̀, òṣìṣẹ́ ń ṣe àṣejù. Bí kókó bá wà ní ọrùn, wọ́n lè fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún wo ọrùn náà, wọ́n sì lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú kókó náà láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìsinsìnyí ní láti mọ̀ ni pé oògùn irun àti èékánná tí biotin wà nínú rẹ̀ lè da èsì àyẹ̀wò yìí rú. Kí wọ́n sọ fún dókítà pé àwọn ń lò ó, kí wọ́n sì dá a dúró fún ó kéré tán ọjọ́ méjì kí wọ́n tó lọ.

Ta ni ó yẹ kí ó lọ? Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó rẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, ìrònú àti àìsùn tó lè fa irú àárẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn àmì tí mo kà sílẹ̀ lókè bá pàdé lára ẹnì kan, tí wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó béèrè. Kí ẹni tí ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ ti ní àrùn táírọ́ìdì rí náà béèrè, nítorí ó máa ń tẹ̀lé ìdílé, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Obìnrin tí ń wá ọmọ, èyí tí oyún rẹ̀ ti bàjẹ́ léraléra, àti èyí tí ara rẹ̀ yí padà láàárín ọdún kan tí ó bímọ, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Fún wíwò ọrùn nílé, ẹ dúró níwájú dígí, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ẹ mu omi lẹ́nu kan, kí ẹ sì máa wo abẹ́ gògóńgò bí ẹ ti ń gbé e mì. Táírọ́ìdì a máa bá gògóńgò gòkè sọ̀ kalẹ̀. Wíwú tí ó bá ń bá omi gbígbémì lọ sókè ni kí ẹ lọ fi han dókítà. Bí ohùn bá yí padà tàbí bí oúnjẹ kò bá rọrùn láti gbé mì mọ́, kí ẹ má ṣe fi falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń fi gèlè tàbí ìborùn bo ọrùn nítorí ìtìjú. Ojú ọ̀nà ni kí wọ́n fi bò ó, kì í ṣe ní iwájú dókítà.

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti léwu jù ni ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun. Nínú nǹkan bí 2,000 sí 4,000 ọmọ tí a bí, ọ̀kan a máa wá sáyé pẹ̀lú táírọ́ìdì tí kò ṣiṣẹ́ tàbí tí kò sí rárá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í fi nǹkan kan hàn lọ́jọ́ ìkómọjáde. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ìyeyè ojú rẹ̀ kò ní tètè lọ; a máa sùn púpọ̀, kò ní fà ọmú dáadáa, ohùn ẹkún rẹ̀ a ha, ìgbẹ́ a ṣòro fún un, ahọ́n rẹ̀ a tóbi, ìdodo rẹ̀ a yọ síta. Àwọn àgbà obìnrin a sì máa yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyìn yìí tan yín jẹ. Bí ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ oògùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọpọlọ rẹ̀ a máa dàgbà bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí oṣù bá ń gorí oṣù, ohun tí ó bá sọnù nínú ọpọlọ kì í padà mọ́, a ó sì wá máa pe ọmọ náà ní dìndìnrìn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò. Níbi tí a kò bá ti ń ṣe é fún gbogbo ọmọ, ó yẹ kí òbí fúnra rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ní ti gẹ̀gẹ̀ tí gbogbo ìlú máa ń ní láyé àtijọ́, àìtó áyódíìnì ni ó pọ̀ jù nínú ìdí rẹ̀. Òjò a máa wẹ áyódíìnì kúrò nínú ilẹ̀ àwọn ibi olókè. Àwọn tí ó jìnnà sí òkun, tí wọn kì í jẹ ẹja òkun, ni ó sì máa ń jìyà rẹ̀. Táírọ́ìdì tí kò rí áyódíìnì fà yóò máa tóbi sí i kí ó lè rí díẹ̀ tí ó wà gbà. Bernard Courtois, ará ilẹ̀ Faransé, ni ó rí áyódíìnì nínú eérú koríko òkun ní ọdún 1811, ní 1820 ni dókítà Coindet ní Geneva sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo gẹ̀gẹ̀. Lórílẹ̀-èdè tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n O. L. Ekpechi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí gẹ̀gẹ̀ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1966. Ní ọdún kan náà, wọ́n fi hàn pé ẹ̀gẹ́ pàápàá lè dí táírọ́ìdì lọ́wọ́ láti lo áyódíìnì. Ẹ má ṣe bẹ̀rù gààrí nítorí èyí. Rírẹ ẹ̀gẹ́ sómi, fífún un, àti yíyan án, tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ni ó ń lé ọ̀pọ̀ májèlé rẹ̀ lọ. Ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe jinlẹ̀, lẹ́nu ẹni tí kò rí áyódíìnì jẹ, ni ewu wà.

Láti nǹkan bí ọdún 1993 ni Nàìjíríà ti fi òfin dè é pé kí a máa fi áyódíìnì sí iyọ̀. Ní 2005, orílẹ̀-èdè wa gba oríyìn gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó mú ètò náà dé ibi tí ó yẹ. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, a kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀ nígbà tí a bá ń ka iṣẹ́ rere ìjọba. Ṣùgbọ́n áyódíìnì a máa fò lọ bí iyọ̀ bá wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú oòrùn àti ọ̀rinrin, bí a ti ń rí i nínú abọ́ àwọn tí ń wọ̀n ọ́n tà lọ́jà. Kí ẹ fi í sínú ike tí ó ní ìdérí nílé. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ yóò dára jù: ẹni tí gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́ lè kó ara rẹ̀ sínú àrùn àpọ̀jù họ́mọ̀nù bí ó bá ń mu áyódíìnì lẹ́yìn àṣẹ dókítà.

Ìtọ́jú wà. Ní ọdún 1891, George Murray ní Newcastle, ilẹ̀ England, fún obìnrin kan tí họ́mọ̀nù rẹ̀ ti gbẹ ní abẹ́rẹ́ omi tí ó yọ láti inú táírọ́ìdì àgùntàn. Ọdún 28 ni obìnrin náà tún lò láyé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn oníṣègùn wa tí ń fi ẹ̀yà ara ẹranko ṣe oògùn kò ní bá a jiyàn. Lónìí, hóró levothyroxine ni a ń lò, ní òwúrọ̀, pẹ̀lú omi lásán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kí a tó jẹun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin nínú kò gbọdọ̀ bá a wọlé pọ̀. Wákàtí mẹ́rin ni kí ó wà láàárín wọn. Fún àpọ̀jù họ́mọ̀nù, oògùn bíi carbimazole wà, iṣẹ́ abẹ wà, áyódíìnì onítànṣán sì wà. Ẹni tí ó bá ń lo carbimazole tí ọ̀fun ń dùn ún tí ibà sì mú un, kí ó dá a dúró, kí ó sì lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí oògùn náà lè pa agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá kòkòrò jà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò máa lo hóró náà títí ọjọ́ ayé wọn. Èyí ni ó ń lé àwọn kan padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣèlérí ìwòsàn ọjọ́ méje. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo ṣe ń dífá ọrọọrún. Dókítà náà kì í ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan kí ó fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí levothyroxine bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà ni wọn yóò tún wo TSH. Bí ó bá ti dúró, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún a máa tó. Obìnrin tí ó bá lóyún nígbà tí ó ń lo oògùn kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà náà, nítorí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ sábà máa ń ní láti pọ̀ sí i láti oṣù àkọ́kọ́. Kí ó sọ ọ́ fún dókítà ní kété tí ó bá mọ̀ pé òun ti lóyún, kí ó sì mú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ àtẹ̀yìnwá lọ́wọ́.